Oríkì Rẹfirí Olójú-Méjì

Ẹ bá mi kí i, ẹ̀yin ará Ọ̀tọ̀-Àwórì,
Ẹ̀yin ará Ìjàníkin, ẹ̀yin ará Ìbà, ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́,
Ẹ̀yin ará Òkókómáíkò tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kì í jẹ́ kẹ́ ẹ tètè délé,
Ẹ bá mi kí rẹfirí olójú-méjì.
Aláṣọ abilà, dúdú kan, funfun kan,
Ìdájọ́ rẹ̀ náà abilà, dúdú kan, funfun kan.
Ó dé ìdí tábìlì àkọ́kọ́, ó ní ọmọ yìí ò ṣẹ̀.
Ó dé ìdí tábìlì kejì, ó ní ohun kan náà dẹ̀ṣẹ̀.
Róbọ́ọ̀tì ò yí padà, ìwé òfin ò yí padà,
Ojú tó ń wò ó ló pín sí méjì.
Baba onífèrè, o kú ọlá!
Ọlá tí ìwé òfin ò fún ọ
Lo fi ń jẹ gàba lé ọmọ ọlọ́mọ lórí.

Ẹni tí ìwà rẹ̀ kò yẹ ni mò ń kì báyìí, kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́ ohun tó ń ṣe. N kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí ọ̀rọ̀ náà ju ẹnì kan lọ. Ìwà ni mò ń bá wí: kí òfin wà nínú ìwé, kí rẹfirí kan kà á báyìí, kí òmíràn kà á lọ́nà mìíràn, kí àwọn ọmọ tó ti fi oṣù púpọ̀ to róbọ́ọ̀tì wá máa san ìtanràn àìfohùnṣọ̀kan àwọn àgbà.

Ìdíje róbọ́ọ̀tì kì í ṣe àjèjì sí wa mọ́. Dean Kamen, ará Amẹ́ríkà tó ń hùmọ̀ ẹ̀rọ, ló dá àjọ FIRST sílẹ̀ lọ́dún 1989. Lọ́dún 1992 ni wọ́n ṣe ìdíje róbọ́ọ̀tì wọn àkọ́kọ́ nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé ìwé kan ní New Hampshire, ẹgbẹ́ 28 ló sì wá. Lónìí ó ti di ti gbogbo ayé. Èyí tí àwọn ọmọ kéékèèké ń fi ike LEGO ṣe, FIRST LEGO League, àjọ Coderina ló ń ṣètò rẹ̀ ní Nàìjíríà. Èyí tí àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ń ṣe, FIRST Tech Challenge, náà ti wọ ilẹ̀ wa.

Ẹ wá wo àdúgbò tiwa. Ibo ló yẹ kí ọmọ ti mọ ẹ̀rọ ju ibí lọ? Ọjà Alábà wà ní Ọ̀jọ́, níbi tí wọ́n ti ń tú rédíò àti tẹlifíṣàn palẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n á tò ó padà nírọ̀lẹ́. Lọ́dún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, ti wà ní Ọ̀jọ́ láti ọdún 1983. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí a mọ̀ sí Adéníran Ògúnsànyà, ní Ìjàníkin, ti di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó, LASUED, láti ọdún 2022. Ọmọ tó dàgbà sáàárín àwọn ibi wọ̀nyí mọ wáyà tó já, ó mọ bátìrì tó kú, ó mọ ẹni tó lè bá a fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀ ní ẹgbẹ̀rún náírà díẹ̀. Ọgbọ́n kò wọ́n wa. Owó ló wọ́n wa. Ilé ìwé ìjọba mélòó ló lè ra àpótí LEGO méjì? Àpótí kan ni ọmọ mẹ́wàá máa ń pín lò, tí wọ́n á máa tú u, tí wọ́n á máa tò ó, títí ọjọ́ ìdíje á fi pé.

Nítorí náà, nígbà tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ bá jí ní ìdájí, tí wọ́n wọ kórópe láti Ìyànà-Ìbà, tí wọ́n gbé róbọ́ọ̀tì lé ẹsẹ̀ kí ó má baà tú lójú ọ̀nà, ohun tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí kì í ṣe àánú. Òfin kan náà ni wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà sórí tábìlì gan-an. Nínú FIRST LEGO League, ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ ni róbọ́ọ̀tì fi ń ṣiṣẹ́. Fúnra rẹ̀ ló ń rìn, kò sí rìmóòtù lọ́wọ́ ọmọ kankan. Bí ó bá wà ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní ilé, àwọn ọmọ lè fọwọ́ kàn án, kí wọ́n pààrọ̀ apá rẹ̀, kí wọ́n tún rán an jáde. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án níta kó tó wọlé tán, wọ́n á pàdánù ọ̀kan nínú àmì róbótó mẹ́fà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bí mẹ́fà tàbí márùn-ún bá ṣẹ́ kù níparí, máàkì 50 ni. Mẹ́rin jẹ́ 35, mẹ́ta jẹ́ 25, méjì jẹ́ 15, ọ̀kan ṣoṣo jẹ́ 10. Ẹ kíyè sí i pé èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pàdánù kò dín máàkì wọn kù rárá. Ẹni tó kọ òfin náà mọ̀ pé ọmọdé á kọ́kọ́ ṣàṣìṣe. Ẹ̀ẹ̀kejì ló ń dunni, nítorí máàkì 15 ló ń bá a lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tí ìjà wà ni ìlà. Róbọ́ọ̀tì ń bọ̀ wálé, iwájú rẹ̀ ti wọlé, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà lórí ìlà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ti nawọ́ gbá a mú, nítorí aago ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì balẹ̀. Ṣé ó ti wọlé àbí kò tíì wọlé? Rẹfirí kan á ní ó ti wọlé, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Rẹfirí kejì, nídìí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, á mú àmì kúrò láìsọ̀rọ̀. Ìwé òfin kò sì dákẹ́ lórí èyí. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá sún mọ́ra débi pé ó ṣòroó dá, tó jẹ́ pé ìdá ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí fífẹ̀ ìlà tín-ín-rín ló fa iyèméjì, kí wọ́n dá a fún àwọn ọmọ. Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Rẹfirí tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣojúsàájú, iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe.

Olójú-méjì, o kú ojú!
Ojú rẹ ríran kọjá ti ẹni tó kọ ìwé.
Ìwé ní kí iyèméjì jẹ́ ti ọmọ,
O ní iyèméjì jẹ́ tìrẹ.
Ẹgbẹ́ tó wọ aṣọ olówó iyebíye,
Tí bọ́ọ̀sì ilé ìwé já wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn,
Róbọ́ọ̀tì wọn wà lórí ìlà, o rẹ́rìn-ín, o ní ẹ tún un gbé.
Ẹgbẹ́ tí eruku Ìyànà-Ìbà ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn,
Róbọ́ọ̀tì wọn wà lórí ìlà, o nawọ́, o mú àmì.
O mú ọ̀kan, o ò sọ ìdí.
O mú èkejì, o ò wo ojú ọmọ.
Afojú-wọn-gíga-bí-ẹní-wọn-gàrí,
Ìwé ní kí ohun èlò má ga ju mìlímítà 305 lọ,
O fojú díwọ̀n ti ẹnì kan, o ní ó tó,
O yọ rúlà sí ẹnì kejì, o ní irun kan lé.
Máàkì 20 lọ, ọmọ ń wò ọ́, o ti kọjá síwájú.
Ọ̀gá mi, ta ló kọ́ ọ ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àrùn tiwa nìkan ni. Ní Amẹ́ríkà níbi tí ìdíje náà ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti rí i, ó sì ti dùn wọ́n. Lọ́dún 2014, nínú ìdíje róbọ́ọ̀tì ńlá ti àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, tí wọ́n pe eré ọdún náà ní Aerial Assist, ẹgbẹ́ mẹ́ta ló ń bá ẹgbẹ́ mẹ́ta figagbága, tí wọ́n ń fún ara wọn ní bọ́ọ̀lù ńlá. Bí róbọ́ọ̀tì bá ju bọ́ọ̀lù kọjá òpó gbọọrọ tó dábùú àárín pápá, máàkì 10 ló ń gbà. Ìtanràn kékeré jẹ́ 20, ńlá jẹ́ 50. Fèrè kan ṣoṣo tóbi ju iṣẹ́ tí róbọ́ọ̀tì ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ! Òfin ọdún náà sì sọ pé bí ẹgbẹ́ kan bá gba bọ́ọ̀lù alátakò mọ́ra láìmọ̀ọ́mọ̀, tí kò sì pa eré lára, ìtanràn kékeré ni. Bí wọ́n bá mọ̀ọ́mọ̀ tàbí tí ó pa eré lára, ńlá ni. Ta ló wọ inú ọkàn ọmọ láti mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀? Àwọn rẹfirí kan náà ló tún ń ka iye róbọ́ọ̀tì tí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ti kọjá lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, nígbà tí róbọ́ọ̀tì mẹ́fà ń sáré níwájú wọn. Iṣẹ́ tó pọ̀ jù àti òfin tó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún èrò ọkàn ló bí ìdájọ́ tó yàtọ̀ láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kíka ìṣẹ́jú àáyá. Lọ́dún 2024, róbọ́ọ̀tì kan kò gbọdọ̀ há òmíràn mọ́ ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ nínú ìdíje róbọ́ọ̀tì ńlá yìí. Lọ́dún 2025, wọ́n sọ ọ́ di mẹ́ta. Rẹfirí ló ń kà á. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ yá á ti ka mẹ́ta tán kí ẹlòmíràn tó ka méjì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síwájú tẹlifíṣàn lọ́jọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2018 mọ bí ìdájọ́ rẹfirí ṣe ń rí lára. Nàìjíríà àti Argentina ló ń gbá bọ́ọ̀lù Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ní Saint Petersburg. Rẹfirí Cüneyt Çakır fún wa ní pẹ́nárítì nígbà tí Mascherano fa Balogun lulẹ̀, Victor Moses sì gbá a wọlé. Nígbà tó yá, bọ́ọ̀lù kan ọwọ́ Rojo nítòsí ojúlé wọn. Rẹfirí sáré lọ wo fídíò, ó padà, ó ní kò sí pẹ́nárítì. Rojo kan náà ló gbá góòlù tó lé wa kúrò ní ìdíje náà. Inú bí wa, ṣùgbọ́n rẹfirí lọ wò ó. Nínú ìdíje róbọ́ọ̀tì ńlá ti FIRST, ìwé òfin sọ ọ́ gbangba pé òṣìṣẹ́ kankan, títí kan olórí rẹfirí, kò ní wo fídíò tàbí fọ́tò ìdíje kankan, ibi yòówù kó ti wá. Mo gbà pé ọgbọ́n wà níbẹ̀, nítorí bí a bá fi fídíò dájọ́, ilé ìwé tó ní kámẹ́rà tó dára jù ni yóò máa jàre. Ṣùgbọ́n tí fídíò kò bá sí, ojú rẹfirí ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó kù. Ojú náà kò gbọdọ̀ pín.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Òfin àwọn ìdíje wọ̀nyí fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu ọmọ. Nínú ti róbọ́ọ̀tì ńlá, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ló lè lọ bá olórí rẹfirí lórúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe olùkọ́, kì í ṣe òbí. Nídìí tábìlì LEGO, àwọn ọmọ ni rẹfirí ń bá ka máàkì lẹ́yìn eré. Ẹni tó ṣe òfin yìí rò pé ọmọ á la ẹnu rẹ̀, á sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú ìwé báyìí báyìí, ohun tí ẹ ṣe kò bá a mu." Bẹ́ẹ̀, báwo la ṣe tọ́ ọmọ wa? A ní kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n má wo àgbà lójú, kí wọ́n má bá àgbà jiyàn. Ẹ̀kọ́ rere ni, n kò sì ní kí a pa á tì. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ yìí dáadáa ni ìdájọ́ àìtọ́ ń pa lára jù. Á dúró nídìí tábìlì, á mọ̀ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, á sì sọ pé, "Ẹ ṣé, sà." Bí ó bá ṣàyà gbàǹgbà béèrè, olójú-méjì á ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi?" Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ọmọ mìíràn tí wọ́n tọ́ ní ilé ìwé tí wọ́n ti ń jiyàn pẹ̀lú tíṣà lójoojúmọ́ á béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á sì dá àmì rẹ̀ padà.

Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn baba wa tó sọ bẹ́ẹ̀ kò yọ ọmọdé sílẹ̀. Àwọn kan náà ló sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, rẹfirí kò gbọdọ̀ dúró de ìbéèrè ọmọ. Òun ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó fi ìka hàn án lórí ìlà: "Ibi tí róbọ́ọ̀tì yín wà nìyí nígbà tí ẹ mú un. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà ṣe rí i?" Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Olójú-méjì, mo tún kí ọ.
Afọ̀rọ̀-pamọ́-bí-awo, o kì í sọ ìdí.
Òfin tí gbogbo ayé ń kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì,
O sọ ọ́ di àṣírí abẹ́ agbádá.
Ó di ọ̀sán, olórí rẹfirí yí òfin padà,
O bẹ̀rẹ̀ sí í fi tuntun dájọ́,
O ò padà síbi tí o ti jẹ àwọn ọmọ àárọ̀ níyà.
Ọmọ àárọ̀ ti gba ọ̀nà ilé lọ,
Ẹ̀rí ọkàn rẹ ò pè é padà.
Mo kí ọ, mo kí fèrè rẹ,
Mo kí gbogbo ẹni tó jókòó tì ọ́ tí kò sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe rẹfirí kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ni. Wọ́n dúró láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nínú ariwo, nínú ooru, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá kú. Àwọn tó ń ṣe é dáadáa wà, mo ti rí wọn. Mo ti rí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó gbé ìwé òfin sábẹ́ apá láàárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tó ń ṣí i hàn àwọn ọmọ nígbàkigbà tó bá mú àmì wọn. Ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi jù lọ lọ́jọ́ náà ló wá dì mọ́ ọn kí wọ́n tó lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sí nínú oríkì yìí. Nítorí irú rẹ̀ sì ni mo ṣe mọ̀ pé ohun tí mò ń béèrè ṣeé ṣe, láìgba owó, láìgba ẹ̀rọ.

Àìgbowó kò sì lè jẹ́ àwáwí. Ẹni tó gbà láti gbẹ́jọ́ fún ọmọ ti gba ẹrù kan, yálà wọ́n sanwó fún un tàbí wọn ò san. Ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ láìtọ́ lọ́mọ ọdún mọ́kànlá kò ní mọ̀ pé aláìgbowó ló jẹ ẹ́ níyà. Ohun tó máa gbé lọ sílé ni pé òfin kò nítumọ̀, pé ẹni tó mọ èèyàn ló ń borí. Ìlú yìí ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ yẹn tó lójú ọ̀nà, ní ọ́fíìsì, ní ọjà. A kò gbọdọ̀ tún fi kọ́ ọ nídìí róbọ́ọ̀tì, níbi tó ti yẹ kó rí i pé bí wáyà bá tọ́, iná á tàn, ọmọ ẹni yòówù kó so ó.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tó ń ṣètò ìdíje ní gbogbo agbègbè wa. Kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, ẹ kó gbogbo rẹfirí jọ sídìí tábìlì kan. Ẹ gbé róbọ́ọ̀tì sórí ìlà, kí olúkúlùkù sọ ohun tí yóò dá, kí ẹ sì jọ fẹnu kò. Ẹ kọ àdéhùn náà sára pátákó tí àwọn ọmọ lè rí. Bí ìtumọ̀ òfin bá yí padà lọ́sàn-án, ẹ wá àwọn ẹgbẹ́ àárọ̀ rí, kí ẹ tún máàkì wọn ṣe. Ẹ fún gbogbo tábìlì ní rúlà kan náà. Kí ọmọ má fọwọ́ sí ìwé máàkì kó tó di pé ó lè sọ ìdí ìtanràn rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀, lédè Yorùbá bí ó bá jẹ́ èyí ló yé e jù.

Mo bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ LASU àti LASUED pẹ̀lú. Ẹ̀yin ni ẹ sún mọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí jù, ní ọjọ́ orí àti ní ilé gbígbé. Ìwé òfin ọdọọdún wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kà á tán, kì í ṣe ìlàjì, kí ẹ wá yọ̀ǹda ara yín láti dúró nídìí tábìlì. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ ọmọ yín bí ó ṣe lè fi ọ̀wọ̀ béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ àgbà: kó kúnlẹ̀ bó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kó béèrè. Ìwọ olójú-méjì tí o ń ka èyí, tí o sì mọ ara rẹ, bọ́ aṣọ abilà náà sílẹ̀ títí wàá fi ka ìwé òfin tán.